Orí Nìkan Kọ́ Ló Ń Ja Ìjà: Ẹ̀kọ́ Ifá Lórí Ẹ̀ṣẹ́, Fíìmù àti Ìgbàgbọ́ Wa



Mo kí gbogbo ẹ̀yin oníṣẹ̀ṣe, mo sì kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ò tíì mọ ibi tí ẹ máa fì sí, ṣùgbọ́n tí etí yín ń fẹ́ gbọ́. Ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí ohun tí ẹlòmíì lè wò pé kò kan Ifá rárá: ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, ìjàkadì, àti ìjà inú àgò tí wọ́n ń pè ní UFC. Ẹni tó bá ń gbé àgbègbè Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ bíi tèmi mọ̀ pé ó kàn án dáadáa. Ní òru Sátidé mọ́jú Sọ́ńdè tí ìjà ńlá bá wà, ẹ lọ sí Máfolúkù, ẹ lọ sí Ìlásàmàjà, ẹ lọ sí Ọ̀kọ́ta, ẹ ó rí àwọn ọmọ tó pagbo yí fóònù kan ṣoṣo ká bíi pé ọpọ́n Ifá ni. Nígbà tó bá di àárọ̀ Mọ́ńdè, díẹ̀ lára wọn á wá sọ́dọ̀ mi.

Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń gbé wá. Èkínní: "Baba, ṣé ẹ lè ṣe nǹkan sí mi lọ́wọ́, kó jẹ́ pé ẹni tí mo bá kàn lẹ́ṣẹ̀ẹ́ ò ní dìde?" Èkejì: "Baba, ṣé Ifá lè sọ ẹni tó máa borí, kí n fi ta tẹ́tẹ́?" Ẹ̀kẹta ló wúwo jù: "Baba, bí òrìṣà wa bá lágbára lóòótọ́, kí ló dé tí wọ́n fi na ọmọ wa lókè òkun?"

Ọmọkùnrin kan ní Máfolúkù ló bi mí ní ẹ̀kẹta yìí, kò sì fi ṣe àwàdà. Òun fúnra rẹ̀ ń kọ́ ẹ̀ṣẹ́. Ó ní láti ìgbà tí bẹ́líìtì ti bọ́ lọ́wọ́ Usman, tó tún bọ́ lọ́wọ́ Adesanya, àwọn ẹgbẹ́ òun ò jẹ́ kí òun sinmi. Wọ́n ní òrìṣà ilẹ̀ wa ò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó bá ti kọjá omi òkun. Ó ní òun ti ń rò ó láti bọ́ ìdè Ifá ọwọ́ òun sílẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti eré? Ọmọ kan fẹ́ fi ẹ̀sìn baba rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ohun tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí ṣe nínú àgò. Nítorí rẹ̀ àti nítorí irú rẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ èyí.

Ìjà kì í ṣe àjèjì sí wa

Àwọn àgbà ní ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọni. Òwe yìí ṣì dúró fún ìjà ojú títì, irú èyí tí kọ̀ńdọ́ àti èrò máa ń jà lábẹ́ bíríìjì Òṣòdì nítorí ṣéńjì. Ṣùgbọ́n ìjà tó ní òfin, tó ní adájọ́, tó ní ọjọ́ àti àkókò, ó ti wà láàárín wa tipẹ́. Ní Ọ̀fà, ìjàkadì wọ inú oríkì ìlú, wọ́n ń fi ṣe ọdún. Àwọn Hausa ní dambe, tó bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn alápatà. Ọwọ́ kan ni wọ́n ń fi aṣọ àti okùn wé, òun ni ọ̀kọ̀. Ọwọ́ kejì á ṣí sílẹ̀, òun ni apata. Ráúǹdù mẹ́ta ni. Bí ọwọ́, orúnkún tàbí ara ẹnì kan bá kan ilẹ̀, wọ́n á ní ẹnì kejì ti pa á nìyẹn.

Bí a bá wá sí ti òyìnbó, Hogan "Kid" Bassey, ọmọ Calabar, gba bẹ́líìtì àgbáyé ní ọdún 1957. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963, Dick Tiger, ọmọ Amaigbo nílẹ̀ Ìgbò, bá Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà jà nílùú Ìbàdàn, ní Liberty Stadium tí a ń pè ní Obafemi Awolowo Stadium lónìí. Lẹ́yìn ráúǹdù keje, Fullmer ò lè jáde mọ́. Ìjà àgbáyé àkọ́kọ́ nìyẹn tó wáyé nílẹ̀ aláwọ̀ dúdú ní Áfíríkà. Lónìí ẹ̀wẹ̀, a rí Anthony Joshua tí ìdílé rẹ̀ wá láti Ṣágámù, tó gba góòlù Òlíńpíìkì ní 2012. A rí Kamaru Usman tí wọ́n bí ní Auchi. A rí Israel Adesanya tí wọ́n bí ní Èkó níbí kí àwọn òbí rẹ̀ tó kó lọ sí New Zealand. Ní 2021, Usman, Adesanya àti Francis Ngannou ọmọ Cameroon di bẹ́líìtì UFC mú lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ìjà ti ń dọlà báyìí o! Ìdí nìyẹn tí ojú ọ̀dọ́ fi wà níbẹ̀, n ò sì bá wọn jà sí i.

Ifá kì í ṣe iléeṣẹ́ tẹ́tẹ́

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tó rọrùn kúrò nílẹ̀. Ọ̀rúnmìlà ni ẹlẹ́rìí ìpín. Ojú rẹ̀ ni oníkálukú ṣe yan ìpín tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń bi í léèrè. Ẹni tó bá mú owó, tó sọ̀rọ̀ sí i wúyẹ́wúyẹ́, tó gbé e síwájú ikin, orí ẹni yẹn ni Ifá ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn méjì tó fẹ́ jà ní Las Vegas ò rán yín níṣẹ́. Wọn ò sọ̀rọ̀ sówó, orí wọn ò sì sí níwájú ọpọ́n. Kí ni kí n wá bi Ifá nípa wọn?

Bí ẹ bá dá Ifá nítorí tẹ́tẹ́, ọ̀rọ̀ tiyín ni Ifá máa sọ: owó ilé tí ẹ fẹ́ lọ kó dànù, ìyàwó tó ń retí owó oúnjẹ. Ó ti ṣẹlẹ̀ níwájú mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Odù á jáde, á máa kìlọ̀ àdánù, ẹni tó wá á na ọrùn, á ní, "Baba, ṣé ẹni tó máa borí nìyẹn?" Mo ní rárá o, ìwọ tó máa pàdánù nìyẹn.

Ohun tí fíìmù fi hàn àti ohun tí ojú yín yàn láti rí

Ìbéèrè oògùn ló kàn. Mo mọ ibi tó ti ń wá. N kì í ṣe ọ̀tá fíìmù. Jagun Jagun tí Femi Adebayo gbé jáde lórí Netflix ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, mo wò ó, ó dùn mọ́ mi. Inú mi máa ń dùn bí ọmọ Ìsọlọ̀ bá gbọ́ ọfọ̀ nínú fíìmù tó béèrè pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná: nínú fíìmù yẹn, àgọ́ wà tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ lógun. Wọ́n ń sáré, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń dìde, wọ́n ń yege, wọ́n ń kùnà. Bí mo bá bi àwọn ọ̀dọ́ léèrè ohun tí wọ́n rántí, oògùn nìkan ni wọ́n máa kà fún mi. Kò sẹ́ni tó rántí eré sísá.

Ẹ wo Adesanya náà. Orúkọ ìjà rẹ̀, The Last Stylebender, inú kàtúùnù Avatar: The Last Airbender ló ti mú un. Ọ̀pọ̀ yín ló mọ kàtúùnù yẹn ju ìtàn Odù lọ, ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká lò ó. Ṣé ẹ rántí Toph, ọmọbìnrin afọ́jú yẹn? Kí ló fi ń ríran? Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Ó ń tẹ ilẹ̀, ilẹ̀ ń sọ fún un ibi tí ọ̀tá wà. Ẹ fi èyí sí ìkòkó ọkàn yín, mo ń bọ̀ wá mú un.

Ní ti ìgbàdí, òǹdè, ìfúnpá àti òrùka, n ò ní parọ́ pé àwọn baba wa ò lò wọ́n. Wọ́n lò wọ́n. Àwọn oníjà dambe náà ń lo láyà, wọn ò sì fi pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi làákàyè rò ó: àwọn méjèèjì tó bọ́ sójú agbo ló ní láyà lára. Àwọn méjèèjì ló ní ẹni tó ṣe é fún wọn. Síbẹ̀, ẹnì kan máa ṣubú. Bí ó bá jẹ́ oògùn nìkan ló ń ṣe é, kí la máa sọ nípa oògùn ẹni tó ṣubú? Ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí oògùn ò lè rọ́pò. Ifá ní ìtàn méjì tó tú u fún wa.

Ìtàn kìíní: ọmọ Ògún, ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́

Ìtàn yìí wà nínú Ogbè-Ògúndá. Èmi á rọ́ ọ bí ìtàn lásán, kí ẹ̀yin tí ẹ kéré lè bá mi lọ.

Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń bọ̀ láti ìsálú ọ̀run sí ayé. Oríṣẹẹ̀kú jẹ́ ọmọ Ògún. Oríléèmèrè jẹ́ ọmọ Ìja. Afùwàpẹ́ jẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n ní láti lọ sílé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí, kí oníkálukú yan tirẹ̀. Àwọn àgbà kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe yà níbì kankan lójú ọ̀nà.

Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀bá ilé Ọ̀rúnmìlà, Afùwàpẹ́ ní òun ò lè kọjá láì rí baba òun. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní àwọn ò dúró. Wọ́n lọ. Wọ́n dé ilé Àjàlá, wọn ò bá a, wọ́n wo orí tó dán, tó lẹ́wà lójú, wọ́n gbé e wọ̀. Wọn ò mọ̀ pé iná ò tíì mú un. Bí wọ́n ti ń bọ̀ wá sáyé, òjò bẹ̀rẹ̀, òjò ò dá, orí amọ̀ sì ń ṣí díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa dé ayé, orí ti jẹ tán. Wọ́n ṣiṣẹ́ ṣiṣẹ́, gbogbo èrè wọn, títún orí ṣe ló ń gbé e lọ.

Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ dé ọ̀dọ̀ baba rẹ̀. Wọ́n dá Ifá fún un, wọ́n ní kí ó rú iyọ̀ àti owó. Wọ́n lo díẹ̀, wọ́n ní kí ó máa gbé ìyókù lọ. Ó bá oníbodè tó ń fi eérú se ọbẹ̀. Ó fi iyọ̀ hàn án, oníbodè tọ́ ọ wò, ọbẹ̀ dùn, inú rẹ̀ dùn, ó bá a débẹ̀. Àṣé Àjàlá jẹ gbèsè, ó ti sá gun òkè àjà nítorí àwọn olówó tó jókòó tì í. Afùwàpẹ́ fi owó yẹn san gbèsè náà. Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó mú ọ̀pá irin, ó ń fi kan àwọn orí lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi rí èyí tí kò fọ́, ó gbé e fún un. Òjò kan náà pa Afùwàpẹ́, òjò ò ràn án.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìjà, ẹ tún un wò. Ọmọ ta ni àwọn tí orí wọn jẹ? Ọmọ Ògún ni, ọmọ Ìja ni! Ọmọ jagunjagun ni wọ́n. Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ òrìṣà ìjà nìkan ti tó, àwọn ló yẹ kí ó gba bẹ́líìtì. Ohun tí wọn ò ní ni sùúrù láti béèrè, àti ojú láti mọ̀ pé ohun tó dán kọ́ ló jinná. Afùwàpẹ́ ò ní oògùn lọ́wọ́. Iyọ̀ ló ní, ó fi kọ́ ẹni tí kò mọ̀. Owó ló ní, ó fi yọ ẹni tó wà nínú ìdààmú. Ìwà ló fi rí orí rere gbà.

Ìtàn kejì: ọjọ́ tí wọn ò pe Ẹsẹ̀

Èyí kúrú, ṣùgbọ́n òun ni àárín ẹ̀kọ́ tòní. Gbogbo Orí péjọ, wọ́n fẹ́ gbìmọ̀. Wọn ò pe Ẹsẹ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ fi Ẹsẹ̀ ṣe? Ìsàlẹ̀ ló wà, inú erùpẹ̀ ló ń rìn. Ẹ̀ṣù ní ó dáa, bí wọn ò ti pe Ẹsẹ̀, ká máa wò bí ìpàdé náà á ṣe yọrí. Ìjà ló fi tú ká. Ìgbà tí wọ́n wá ránṣẹ́ sí Ẹsẹ̀, tó wá jókòó láàárín wọn, ìgbà yẹn ni ìmọ̀ràn wọn tó yọrí sí rere.

Kí ni Ẹsẹ̀? Ẹsẹ̀ tí ẹ fi ń rìn ni, òun náà sì ni akitiyan, òógùn ojú, jíjí ní kùtùkùtù. Orí ni ìpín tí o yàn. Ẹsẹ̀ ló máa gbé ọ débẹ̀. Ẹni tó ní orí rere tí kò gbé ẹsẹ̀, ńṣe ló dà bí ẹni tó ra ilẹ̀ sí Ajáò Estate, tí kò kọ́ ilé sí i, tó tún ń bínú pé òun ò rí ilé gbé.

Ẹ mú ìtàn méjèèjì, ẹ fi wo ìjà

Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2019, Anthony Joshua pàdé Andy Ruiz ní New York. Ruiz kọ́ ni ì bá bá jà. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ mú ò lè wá mọ́ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ruiz. Ruiz sanra, ikùn rẹ̀ yọ, àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín. Ó gbé Joshua ṣubú lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n dá ìjà dúró ní ráúǹdù keje. Ní òru ọjọ́ kan, ayé Ruiz yí padà. Bí a bá ń wá orí tó jí lọ́jọ́ pípé, òun nìyẹn.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n tún pàdé ní Saudi Arabia. Joshua ti dín ní nǹkan bíi kílò 4. Ruiz ti fi bíi kílò 7 kún tirẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn ìjà pé fàájì lòun fi oṣù ṣe, òun ò múra bó ṣe yẹ. Kí ni Joshua fi nà án? Ẹsẹ̀! Ráúǹdù 12 gbáko, kò dúró síbi kan. Ó wọlé, ó kàn án, ó jáde. Ọwọ́ là ń wò, ẹsẹ̀ ló ń jà. Orí kan náà ni Ruiz gbé wá lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ẹsẹ̀ ni kò pè sí ìpàdé kejì.

Ẹ wo ti Usman. Ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 2022 ni, ní Salt Lake City. Ó ti na Leon Edwards ní 2015. Lọ́jọ́ yìí náà, òun ló ń ṣíwájú lójú àwọn adájọ́. Kóòṣì Edwards bá a wí gidigidi kí ráúǹdù karùn-ún tó bẹ̀rẹ̀. Ó ku ìṣẹ́jú kan ó dín díẹ̀ kí ìjà parí, Edwards gbé ẹsẹ̀ òsì, ó gbá Usman lórí. Ó tán. Ṣé ẹ rí i bí Ẹsẹ̀ ṣe pàdé Orí níbẹ̀? Èmi ò sọ pé Ifá ló ṣe é. Mo ń sọ pé ẹni tó ti pàdánù ìpele mẹ́ta, tí wọ́n ti ṣẹ́gun rẹ̀ ní ọdún méje sẹ́yìn, tí kò jókòó, òun ni àǹfààní bá lójú ọ̀nà.

Ó wá ku Adesanya, ọmọ wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Alex Pereira ti nà án nínú ìjà ìpá àti ẹ̀ṣẹ́, ní 2016 àti 2017. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ó tún nà án ní New York, ó gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà mẹ́ta! Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2023, Adesanya tún padà lọ bá ẹni kan náà ní Miami, ó sì dá a sílẹ̀ ní ráúǹdù kejì. Lẹ́yìn náà ló ṣe bí ẹni ń ta ọfà sí i. Ọ̀dọ́ kan sáré wá sọ fún mi pé, "Baba, Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ló gùn ún!" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa ṣọ́ ẹnu wa. Ọfà yẹn, ti Pereira ni. Òun ló máa ń ta ọfà láti fi bu ọlá fún ìran Pataxó, àwọn onílẹ̀ Brazil. Adesanya ń dá tirẹ̀ padà fún un ni. A ò gbọ́dọ̀ máa fi orúkọ òrìṣà lẹ gbogbo ohun tó bá dùn mọ́ wa lójú, nítorí bó bá di ọ̀la tí ẹni yẹn ṣubú, a ó tún sọ pé òrìṣà ló ṣubú. Kò pẹ́ náà sì ni: ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, Sean Strickland gba bẹ́líìtì yẹn ní Sydney. Ṣé Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ló pàdánù?

Ngannou ńkọ́? Ọmọdé ló ti ń gbẹ́ yanrìn ní Cameroon. Ó gba Nàìjíríà, ó gba Niger àti Algeria, ó la aṣálẹ̀ kọjá dé Morocco, kó tó dé Yúróòpù. Ní Paris, ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí ló ń sùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jà kí ọwọ́ rẹ̀ tó jà.

Ta ni Ọlọ́run rẹ̀ lágbára jù?

A ti dé orí ìbéèrè ọmọ Máfolúkù. Mo bi í pé, "Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tó borí ni Ọlọ́run rẹ̀ lágbára, ta ni a máa wá sìn?" Muhammad Ali wá sí Nàìjíríà ní 1964, lẹ́yìn tó di Mùsùlùmí. Ní 1967, ó kọ̀ láti wọṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Wọ́n gba bẹ́líìtì rẹ̀, ó lé ní ọdún mẹ́ta tí kò jà. Nígbà tó padà dé, Joe Frazier nà án ní 1971, Ken Norton nà án ní 1973. Ṣé Ọlọ́run rẹ̀ ti lọ sùn ni? Ní 1974, ó na George Foreman ní Kinshasa. Foreman fúnra rẹ̀ di oníwàásù Kìrìsìtẹ́nì ní 1977, ó fi ẹ̀ṣẹ́ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ó padà, ó sì gba bẹ́líìtì àgbáyé ní 1994 nígbà tó ti di ẹni ọdún 45. Ṣé ìgbà yẹn ni Jésù wá lágbára ju Allah lọ?

Ọmọ náà dákẹ́. Mo ní, "Kò sẹ́ni tó ń wọn òrìṣà lórí òṣùwọ̀n ìjà. Ohun tí ìgbàgbọ́ Ali ṣe fún un kì í ṣe pé wọn ò nà án. Ó mú un dúró nígbà tí wọ́n gba gbogbo ohun tó ní. Ìdè ọwọ́ rẹ kò ṣèlérí pé o ò ní ṣubú. Ó ń rán ọ létí ẹni tí o jẹ́ bí o bá ṣubú, kí o lè mọ ibi tí o máa dìde gbà." Ó bi mí pé, ṣé bẹ́ẹ̀ ni ẹbọ ò wúlò nìyẹn? Mo ní ẹbọ wúlò. Ẹ wo Afùwàpẹ́: iyọ̀ tó rú ló la ilẹ̀kùn fún un. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn yẹn.

Ohun tí mo máa ń ṣe fún ẹni tó fẹ́ jà

Bí ọ̀dọ́ bá wá, tó ní ẹ̀ṣẹ́ ni òun fẹ́ fi jẹun, n kì í lé e. Mo máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ Ifá bóyá ọ̀nà yẹn bá orí rẹ̀ mu. Bí Ifá bá fọre, a ó bọ orí rẹ̀ pẹ̀lú obì àti omi tútù, àti ohunkóhun tí Ifá bá tún yàn. A ó ní kí orí rẹ̀ má ta kò ó. A kì í ṣépè fún ẹni tó fẹ́ bá jà, torí ẹni yẹn náà ní orí, ó sì ní ìyá tó ń retí rẹ̀ nílé.

Lẹ́yìn náà, èmi náà á béèrè tèmi. Ta ló ń kọ́ ọ? Bí kò bá ní ẹni tó ń kọ́ ọ, mo ní kó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ ní tòótọ́; Rowe Park wà ní Yábàá, kò jìnnà sí Òṣòdì. Aago mélòó lo ń jí sáré? Ṣé dókítà ti wo ojú rẹ àti orí rẹ? Bẹ́ẹ̀ ni, orí òde yìí, agbárí tó gba ọpọlọ dúró. Kò sí ìgbàdí tó ń ṣọ́ ọpọlọ. Bí wọ́n bá kàn ọ́ lẹ́ṣẹ̀ẹ́ tí ojú rẹ ṣú, ilé ìwòsàn ni kí o kọ́kọ́ lọ, o lè wá rí mi lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá sì sọ fún ọ pé òun á ṣe oògùn tí o ò ní mọ ìrora mọ́, sá fún un. Ìrora ni oníbodè ara. Bí o bá pa á lẹ́nu mọ́, ta ló máa sọ fún ọ pé olè ti wọlé?

Èèwọ̀ kan ni mo máa ń fi lé wọn lọ́wọ́: má ja ìjà ojú títì. Ọwọ́ tí o ti bọ orí fún, má fi lu kọ̀ńdọ́, má fi lu ìyàwó, má fi gba owó lọ́wọ́ ẹni kẹ́ni. Ní ojú agbo, adájọ́ wà, òfin wà, ẹ̀yin méjèèjì lẹ sì fọwọ́ sí i. Ní títì, ìjà ò dọlà. Òwe àgbà ò tíì yẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ò jà, ẹ̀kọ́ yìí kàn yín. Ẹni tó ń ṣe ìdánwò JAMB, ẹni tó ń wáṣẹ́, ẹni tó ń ta ọjà ní Òṣòdì, gbogbo yín lẹ wà lójú agbo. Ẹ bọ orí yín. Ẹ béèrè kí ẹ tó yan ohun tó ń dán. Ẹ gbé iyọ̀ dání fún ẹni tẹ́ ẹ máa bá lọ́nà. Bí ẹ bá sì pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ ayé yín, kí Ẹsẹ̀ kọ́kọ́ gbọ́.

Kí orí wa má jẹ́ amọ̀ tí òjò máa ṣí. Kí ẹsẹ̀ wa má kọsẹ̀ níbi ire. Kí a má ṣubú. Bí a bá sì ṣubú, kí a rí ọwọ́ fà wá dìde.

Àṣẹ, wàá. Ire o.